Ẹni Tó Gbé E Ròkè Ni Yóò Sọ̀ Ọ́ Kalẹ̀

Ohun kan wà tó ń kọjá lórí wa tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ó ń kọjá. Òun ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, tàbí ní ìdájí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ lè rí i nígbà mìíràn láti Èkó, láti Ìbàdàn, tàbí láti Kútọnu. Iná funfun kan ni, ó mọ́lẹ̀ ju ìràwọ̀ lọ, ó sì ń la ojú ọ̀run kọjá láìdúró, láìpariwo. Kì í ṣẹ́jú bí iná bàálù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti kọjá lọ. Ènìyàn wà nínú ohun yẹn o. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń sùn, wọ́n ń fọ eyín, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ibùdó òfuurufú àgbáyé ni, èyí tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní ISS. Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni àwọn àkọ́kọ́ tó máa gbé inú rẹ̀ dé ibẹ̀, láti ọjọ́ náà kò sì tíì ṣófo rí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ yẹn ti dàgbà, bóyá ó tilẹ̀ ti di òbí. Kò tíì sí ọjọ́ kan láyé rẹ̀ tí gbogbo ọmọ aráyé jọ wà lórí ilẹ̀ pátá.

Àwọn tó ni ibùdó náà ti wá pinnu pé yóò sọ̀ kalẹ̀. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé kí iṣẹ́ parí níbẹ̀ ní ọdún 2030, kí wọ́n sì darí rẹ̀ sínú òkun lẹ́yìn náà. Èmi gbà pé ìpinnu náà tọ̀nà. Ẹni tó bá gbé nǹkan lọ sókè orí àwọn ẹlòmíràn ló ni ojúṣe àtisọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ká a ló sì yẹ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nísàlẹ̀ níbí náà ní ohun tí a gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó lọ, mo sì máa dé orí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan náà ṣe tó. Ó wúwo tó nǹkan bíi 420 tọ́ọ̀nù. Láti orí dé ìdí, mítà 109 ni. Nǹkan bíi 400 kìlómítà ló fi ga ju ilẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá fa okùn tààrà láti Èkó dé Lọ́kọ́ja, bí okùn náà yóò ṣe gùn tó nìyẹn. Ṣùgbọ́n eré tó ń sá ló ń ya èmi lẹ́nu jù: 28,000 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ló fi ń yí gbogbo ayé po. Nítorí náà, láàárín ọjọ́ kan tiwa, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń rí i tí oòrùn ń yọ, tó sì ń wọ̀, nígbà mẹ́rìndínlógún.

Wọn kò gbé e lọ lódidi. Ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1998, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà kan gbéra láti Baikonur, ó gbé yàrá àkọ́kọ́ lọ sókè. Zarya ni wọ́n sọ ọ́. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Amẹ́ríkà fi gbé yàrá tiwọn, Unity, lọ so mọ́ ọn. Yàrá méjèèjì kò fojú kanra rí lórí ilẹ̀. Òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, wọ́n sì wọ ara wọn ṣinṣin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀kan kún ọ̀kan fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì dá sí i: Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Japáànù, Kánádà, àti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láìfarapa. Ní oṣù kejì ọdún 2003, ọkọ̀ Columbia ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà já sí wẹ́wẹ́ nígbà tó ń padà bọ̀ láti ìrìn àjò mìíràn, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Irú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń kó ẹ̀yà ibùdó náà lọ, nítorí náà iṣẹ́ dúró fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ti dé ibẹ̀, ẹnì kan wà tí mi ò lè ṣàì dárúkọ. Ọmọ Rọ́ṣíà ni, Sergei Krikalev. Kí ibùdó yìí tó wà, àwọn ará Soviet Union ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní Mir. Krikalev gòkè lọ síbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1991. Nígbà tó wà lókè, orílẹ̀-èdè tó rán an níṣẹ́ tú ká. Àsíá Soviet Union sọ̀ kalẹ̀ ní Moscow, ilẹ̀ tí wọ́n ti fi rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ránṣẹ́ di ilẹ̀ òmìnira mìíràn, ìlú tí wọ́n bí i sí pàápàá yí orúkọ padà láti Leningrad sí Saint Petersburg. Ọkùnrin yìí ṣì ń yí ayé po. Oṣù kẹta ọdún 1992 ló tó balẹ̀, ó ti lo ọjọ́ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún lókè. Ẹ rò ó wò: kí ènìyàn kúrò nílé, kó dé, kó bá a pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò sí mọ́.

Ọkùnrin yìí kan náà ló padà bá àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti jẹ́ alátakò ilẹ̀ rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1998, nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ibùdó tuntun náà fún ìgbà àkọ́kọ́, òun àti ọ̀gá ọkọ̀ Amẹ́ríkà, Robert Cabana, ni wọ́n jọ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Nígbà tó di ọdún 2000, Krikalev tún wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tó lọ gbé níbẹ̀, pẹ̀lú Bill Shepherd àti Yuri Gidzenko. Nígbà tí mo bá ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé irin lásán ni wọ́n fẹ́ jù sómi, ọkùnrin yìí ni mo máa ń rántí.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ sọ̀ ọ́? Ó ti gbó ni. Yàrá àtijọ́ inú rẹ̀ ti lò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ níbi tí oòrùn ti ń ta á, tí òtútù sì ń mú un, nígbà mẹ́rìndínlógún lójúmọ́. Irin ń wú, irin ń súnkì, kò sì sí ìsinmi. Gbogbo ọkọ̀ tó ń wá so mọ́ ọn, tó sì ń tú kúrò, ló ń mì í. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti rí i pé afẹ́fẹ́ ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn yàrá Zvezda ti àwọn ará Rọ́ṣíà. Wọ́n ti wá ojú ibi tó sán, wọ́n ti fi oje dí i, wọ́n tún dí i. Àwọn tó wà níbẹ̀ kúkú ń pa ilẹ̀kùn ọ̀nà náà dé nígbà tí wọn kò bá lò ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, pàǹtírí òfuurufú kò jẹ́ kí ọkàn balẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn ológun Rọ́ṣíà yìnbọn fọ́ sátẹ́láìtì àtijọ́ tiwọn fúnra wọn, àfọ́kù rẹ̀ sì fọ́n káàkiri débi pé àwọn tó wà nínú ibùdó, tó fi mọ́ àwọn ọmọ Rọ́ṣíà, ní láti sá wọ inú ọkọ̀ wọn, bóyá wọn yóò ní láti sá kúrò.

Ọkọ̀ tó gbó lọ́dọ̀ wa, a lè tì í sẹ́yìn ilé kí koríko hù bò ó. Ibùdó òfuurufú kò ní ẹ̀yìn ilé. Afẹ́fẹ́ ṣì wà níbi gíga yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́lẹ́ gan-an, ó sì ń dí i lọ́nà, ó ń fà á sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ́ńjìnnì tì í padà sókè láti ìgbà dé ìgbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá dẹ́kun àtitì í, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ló sọ pé bí òkò bá pẹ́ lókè títí, ilẹ̀ ni yóò padà bọ̀. Ìbéèrè tó kù ni ibo ló máa balẹ̀ sí, àti ta ló máa wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà yí ayé po gba orí Nàìjíríà, Bìní àti Tógò kọjá, ó gba orí Bràsíl àti Kúbà, ó dé London pàápàá. Orí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ aráyé ń gbé ló ń gbà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó máa bọ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó lè dárúkọ ìlú tó máa já lé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọdún 1973 ni Amẹ́ríkà gbé ibùdó tiwọn àkọ́kọ́ lọ sókè, Skylab lorúkọ rẹ̀, ó sì lé ní àádọ́rin tọ́ọ̀nù. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n rán ènìyàn lọ gbé inú rẹ̀, àwọn tó kẹ́yìn sì kúrò níbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1974. Èrò wọn ni pé ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́ yóò lọ tì í sókè sí i. Ọkọ̀ náà pẹ́ kó tó parí. Oòrùn ní tirẹ̀ ń ràn gidigidi láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó mú kí afẹ́fẹ́ òkè wú, ibùdó náà sì ń yára sọ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 1979, ó já. Apá kan bọ́ sínú òkun Íńdíà, apá kan bọ́ sórí ilẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, nítòsí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Esperance. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Esperance kọ ìwé ìtanràn 400 dọ́là sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé wọ́n da ilẹ̀ sí àdúgbò àwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ìtàn yẹn rẹ́rìn-ín títí dòní. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ibi tí ènìyàn kò pọ̀ sí ló já sí ni ẹ̀mí kò fi sọnù, kì í ṣe pé ẹnì kan ló darí rẹ̀ síbẹ̀.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kìíní ọdún 1978, sátẹ́láìtì Soviet kan tó ń lo agbára átọ́míìkì, Cosmos 954, já sí àríwá Kánádà, ó sì da ohun olóró sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ gan-an. Kánádà gbé ìwé owó lọ bá wọn, Soviet sì san mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là Kánádà. Àdéhùn àgbáyé kan wà láti ọdún 1972 tó sọ pé orílẹ̀-èdè tó bá fi nǹkan ránṣẹ́ sókè ni yóò san gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ lórí ilẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè ẹ̀bi ta ni. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé òfin wà ló lè lò ó.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n tú ẹrù bátìrì tó ti gbó tó lé ní tọ́ọ̀nù méjì sílẹ̀ láti ara ibùdó òfuurufú yìí gan-an. Ìṣirò wọn sọ pé yóò jóná tán lójú afẹ́fẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, irin kan lára rẹ̀, tí kò tó kílò kan, dá òrùlé ilé ẹnì kan lu ní ìlú Naples ní Florida. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kejìlá ọdún 2024, òrùka irin ńlá kan já sí abúlé Mukuku ní Makueni, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà méjì ààbọ̀, ó wúwo tó nǹkan bíi 500 kílò. Ìyẹn kì í ṣe ti ibùdó yìí o. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Kẹ́ńyà sọ pé ẹ̀yà rọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ wo abúlé àgbẹ̀ tí kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sókè rí, tí irin àwọn ẹlòmíràn wá bá wọn nílé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìpinnu àtisọ̀ ọ́ kalẹ̀ tọ̀nà. Bí wọ́n sì ṣe fẹ́ ṣe é rèé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ SpaceX pé kó kan ọkọ̀ kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kó ti ibùdó náà wálẹ̀. Owó rẹ̀ lè tó 843 mílíọ̀nù dọ́là. Ọkọ̀ Dragon tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa sọ di ńlá, wọ́n máa fi ẹ́ńjìnnì kéékèèké 46 sí i, epo tó máa gbé sì máa tó ìlọ́po mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ibùdó náà máa sọ̀ fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó kẹ́yìn á kó ẹrù wọn, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n á sì wá sílé. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yẹn yóò tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Pánẹ́ẹ̀lì sólà tó fẹ̀ bí apá ẹyẹ ni yóò kọ́kọ́ ya, lẹ́yìn náà àwọn yàrá yóò tú kúrò lára ara wọn, iná yóò sì jó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí tó bá kù á bọ́ sínú òkun Pàsífíìkì ní gúúsù, níbi tó jìnnà sí ilẹ̀ jù lọ láyé. Láti àárín ibẹ̀, 2,688 kìlómítà ni ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ. Agbègbè òkun yẹn náà ni àwọn ará Rọ́ṣíà darí Mir sí ní oṣù kẹta ọdún 2001, ó sì bọ́ síbẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Àwọn kan ń béèrè pé kí ló dé tí wọn kò tì í lọ sókè réré kó máa wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí. Àwọn onímọ̀ ti wò ó. Epo tí yóò gbà pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ èyíkéyìí tó wà lè gbé lọ, pàǹtírí sì pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń gòkè. Bí nǹkan bá kọlu irin 420 tọ́ọ̀nù níbẹ̀, àfọ́kù rẹ̀ yóò máa yí ayé po títí di ìgbà àwọn ọmọ ọmọ ọmọ wa. Kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n sì kó o wálé ńkọ́? Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ ti dẹ́kun iṣẹ́ láti oṣù keje ọdún 2011. Ó dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn kí àwọn ọmọ wa lè rí i nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà. Òkun náà kì í ṣe ààtàn ẹnikẹ́ni, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣe ètò yìí máa ṣe ìwádìí ohun tí irin tó ń jóná lókè ń ṣe sí afẹ́fẹ́ tó bo gbogbo wa. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọ̀nà tó wà, èyí ni mo fara mọ́.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù pé yóò sọnù gan-an, mi ò tíì dé ibẹ̀: àjọṣe àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine. Nǹkan bàjẹ́ láàárín wọn àti Amẹ́ríkà, owó dí, ọ̀nà dí, ọ̀rọ̀ dí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, dókítà ológun Amẹ́ríkà kan, Frank Rubio, wọ ọkọ̀ Rọ́ṣíà ní Baikonur pẹ̀lú ọmọ Rọ́ṣíà méjì, wọ́n sì jọ lọ sókè. Oṣù mẹ́fà ló yẹ kó lò. Ní oṣù kejìlá, ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wọn padà bẹ̀rẹ̀ sí í jo omi tó ń mú un tutù dànù sínú òfuurufú. Rọ́ṣíà ní láti fi òmíràn ránṣẹ́ ní òfìfo. Ọjọ́ 371 ni Rubio lò kó tó fojú kan ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí ọmọ Amẹ́ríkà mìíràn tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìrìn àjò kan. Ní gbogbo ìgbà tí ìbọn ń dún lórí ilẹ̀, àwọn méje tó wà lókè ń jẹun lórí tábìlì kan. Bí wọ́n ṣe kọ́ ibùdó náà ló fà á: ẹ́ńjìnnì tó ń tì í sókè, ọ̀dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà ló pọ̀ sí, iná mànàmáná tó pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ló ti ń wá. Kò sí ẹni tó lè bínú kó kó ẹrù tirẹ̀ lọ kí tirẹ̀ sì dúró. Àwọn tó ya àwòrán ilé yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀kọ́ tó ti ibẹ̀ wá náà kò kéré. Wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń sẹ́ ìtọ̀ àti òógùn padà di omi mímu débi pé nínú omi tí wọ́n bá lò, èyí tí wọ́n ń rí gbà padà ti tó 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ti mọ ohun tí àìwúwo ń ṣe sí eegun, sí ojú, sí ọkàn. Wọ́n tilẹ̀ fi ọmọ Amẹ́ríkà kan, Scott Kelly, sókè fún nǹkan bí ọdún kan, tí ìkejì rẹ̀ Mark sì wà nílẹ̀, láti fi ara àwọn ìbejì náà wéra. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbé orí òṣùpá kò ní ṣe é kó má lo ìmọ̀ wọ̀nyí.

Kí ló máa rọ́pò rẹ̀? Ṣáínà ti kọ́ tiwọn. Ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Tiangong lọ, ó sì pé ní yàrá mẹ́ta ní ọdún 2022. Òfin kan ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2011 kò jẹ́ kí NASA bá Ṣáínà da iṣẹ́ pọ̀ láìgba àṣẹ pàtàkì. Íńdíà náà ti kéde pé àwọn fẹ́ ní tiwọn ní ọdún 2035. Ní ti Amẹ́ríkà, wọn kò fẹ́ kọ́ òmíràn fún ara wọn mọ́. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni bíi Axiom Space àti Vast kọ́ ọ, kí ìjọba máa sanwó yàrá bí ayálégbé, kí owó ìjọba lè lọ sí orí òṣùpá. Ó lè mú kí owó ìrìn àjò dínkù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ ni, tí ẹnì kan kò lè lé ẹnì kejì jáde, ń lọ. Àwọn tó ń bọ̀ jẹ́ ilé olónílé. Nínú ilé olónílé, ẹni tó ní owó tàbí ẹni tí onílé bá fẹ́ràn ló ń wọlé. Ìyẹn ló ń ṣe mí ní kàyéfì, nítorí èmi ń ronú ibi tí àwa yóò dúró sí.

Àwa náà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kingsport wà ní èbúté Èkó, láti inú rẹ̀ sì ni Olórí Ìjọba wa, Abubakar Tafawa Balewa, ti bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ibùdó kan wà ní Kano tí NASA fi ń tẹ̀ lé àwọn ọkọ̀ òfuurufú wọn àkọ́kọ́. Nàìjíríà dá àjọ òfuurufú tirẹ̀, NASRDA, sílẹ̀ ní ọdún 1999. NigeriaSat-1 gòkè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Nàìjíríà àti Rwanda ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Artemis, èyí tó dá lórí ìrìn àjò sí òṣùpá, nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n èyí tó kan ibùdó yìí gan-an wà ní Àkúrẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, FUTA, lọ sí Kyushu ní Japáànù, wọ́n sì kan sátẹ́láìtì kékeré kan tí kò ju nǹkan bí kílò kan lọ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. NigeriaEduSat-1 ni wọ́n pè é. Àwọn ọmọ Gánà, Mongolia, Bangladesh àti Japáànù ṣe tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ti Gánà sì ni sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà ní. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé wọn lọ sí ibùdó òfuurufú. Ní oṣù keje, wọ́n tú wọn sílẹ̀ láti yàrá Kibo tí àwọn ará Japáànù ni. Ó yí ayé po fún ìgbà tirẹ̀, ó sì jóná lójú afẹ́fẹ́ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, kò já lu ilé ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ṣe gba ẹnu ilẹ̀kùn ilé yẹn jáde. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó ń kọ́ físíìsì ní Oǹdó, ní Ọ̀yọ́, ní Kwara, mọ ìtàn yìí bí wọ́n ṣe mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Ilẹ̀kùn Kibo yẹn kò tì lẹ́yìn wọn. Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti Japáànù ti ń ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní KiboCUBE, èyí tó ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tí agbára wọn kò tíì tó láyè láti tú sátẹ́láìtì kékeré sílẹ̀ láti ibẹ̀ láìsan owó ìfiránṣẹ́. Yunifásítì Nairobi ní Kẹ́ńyà ni wọ́n kọ́kọ́ mú, sátẹ́láìtì wọn sì jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ó di ti Kẹ́ńyà àkọ́kọ́. Mauritius náà ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọjọ́ tí ibùdó náà bá sọ̀ kalẹ̀, yàrá Kibo yóò bá a lọ, ọ̀nà ọ̀fẹ́ yẹn yóò sì tì.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kì í ṣe sí àwọn ará NASA. Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà yunifásítì wa ní Àkúrẹ́, ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin àti ní Èkó, ẹ ṣètò ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ọdún yìí. Kíkan sátẹ́láìtì kékeré kan ń gba ọdún, àkókò tó kù kò sì pọ̀. Ẹ̀yin gómìnà ìpínlẹ̀, owó tó máa kọ́ yàrá iṣẹ́ kan tí ọmọ mẹ́wàá lè máa jókòó sí láti so wáyà kò tó owó tí ẹ fi ń kun ògiri gbọ̀ngàn àpèjẹ. Ẹ̀yin aṣòfin ní Àbújá, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òfin tuntun lórí irin tó ń já bọ́ láti òkè àti lórí ta ni yóò wọ ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́, ẹ rán ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ lọ jókòó níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó kàn fẹ́ rìnrìn àjò. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín bá ń béèrè ohun tó wà lókè, ẹ má ṣe dá a lóhùn pé kò kàn án. Ó kàn án. Ẹ bi wọ́n léèrè nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ nípa rẹ̀, kí ẹ sì máa bi wọ́n títí wọn yóò fi dáhùn.